Odò tí yìnyín bò, tí ojú ọjọ́ sì fẹ́ móoru: kí ni kí a ṣe kí omi tó ya wọlé?

Ará Etídò

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú òtútù o. Ilé tí èmi àti àwọn ọmọ mi ń gbé kò jìnnà sí odò, afárá kan sì wà ní ìsàlẹ̀ wa níbi tí odò náà ti ṣẹ́ kọ́rọ́. Láti ìgbà tí òtútù ti mú gan-an ni yìnyín ti bo odò náà láti etí kan dé èkejì, òjò dídì sì ga lórí ilẹ̀. Ní báyìí, àwọn tó ń sọ bí ojú ọjọ́ yóò ṣe rí ní yóò móoru lójijì lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, pé òjò gidi yóò sì rọ̀ lé òjò dídì náà lórí. Àwọn aládùúgbò wa ń sọ pé kí a ṣọ́ra kí yìnyín má baà di odò pa, ṣùgbọ́n omíyalé tí mo mọ̀ láti kékeré ni èyí tí òjò ńlá ń fà. Mo fẹ́ mọ ohun tó mú ti yìnyín yàtọ̀, àmì tí a fi ń mọ̀ pé ó ń bọ̀, ohun tó yẹ kí a ti ṣe sílẹ̀, àti ìgbà tó yẹ kí a kó àwọn ọmọ jáde. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹni tó bá mọ̀ là mí lọ́yẹ.

Aṣọ́dò

Ẹ kú àníyàn, ará wa. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ pọ̀, ó sì dára kí ẹ mọ̀ ọ́n kí ọ̀sẹ̀ náà tó wọlé. Nígbà tí òjò bá kún odò, omi máa ń ti òkè odò bọ̀ díẹ̀díẹ̀, àwọn tó ń wọn odò sì lè ṣírò wákàtí tí yóò dé ọ̀dọ̀ yín. Ti yìnyín kò rí bẹ́ẹ̀. Omi inú odò lè má pọ̀ rárá, ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti fọ́ tó sì ń bá omi lọ, yóò kọlu ibi tí odò ti há, tàbí ibi tó ti ṣẹ́ kọ́rọ́, tàbí òpó afárá, tàbí ibi tí yìnyín mìíràn kò tíì fọ́, yóò sì dúró síbẹ̀. Èyí tó ń bọ̀ lẹ́yìn yóò gun orí rẹ̀, òmíràn yóò wọ abẹ́ rẹ̀, òkìtì náà yóò sì máa nípọn lọ sí ìsàlẹ̀ omi, nítorí pé bí ìdá mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá yìnyín ló máa ń rì. Omi tí kò ríbi gbà yóò padà sẹ́yìn, yóò sì gun bèbè. Ní Montpelier, olú ìlú ìpínlẹ̀ Vermont ní Amẹ́ríkà, yìnyín di odò Winooski pa ní àárọ̀ ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1992, kò sì ju bíi wákàtí kan lọ tí omi fi bo àárín ìlú náà. Ẹni tó bá ń dúró de ìgbà tí omi yóò dé ẹnu ọ̀nà kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í ro ohun tí yóò mú dání, àkókò kò ní tó o.

Ibi tí yìnyín ti dí sì lè jìnnà sí yín. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2013, Bishop Rock tó wà ní apá ìsàlẹ̀ odò Yukon ni yìnyín ti dí, ṣùgbọ́n ìlú Galena ní Alaska ní Amẹ́ríkà, tó wà lókè ibẹ̀, ni omi bò, tí ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará ibẹ̀ fi ní láti fi ilé sílẹ̀. Nítorí náà, ẹ má ṣe wo etí odò tó wà níwájú ilé yín nìkan. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ti pẹ́ ládùúgbò pé ibo ni yìnyín máa ń dúró sí, torí pé ibi tó ti dúró sí rí ló sábà máa ń padà sí. Afárá àti kọ́rọ́ tí ẹ mẹ́nu bà yẹn jẹ́ irú ibi bẹ́ẹ̀, ìsàlẹ̀ yín gan-an ló sì wà, èyí tó túmọ̀ sí pé ọ̀dọ̀ yín ni omi yóò padà sí bó bá dí.

Ẹni tó ń gbé ní ìsàlẹ̀ ibi tó dí náà kò gbọdọ̀ fọkàn balẹ̀. Odò iwájú rẹ̀ yóò fà, yóò sì dà bí ẹni pé ewu ti kọjá, ṣùgbọ́n lẹ́yìn òkìtì yìnyín ni omi náà wà. Bí òkìtì náà bá já, gbogbo rẹ̀ ni yóò ya dé lẹ́ẹ̀kan náà pẹ̀lú yìnyín nínú. Irú omi bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú yìnyín ńláńlá tó ń gbé bọ̀, ló wó ìsédò Spencer lórí odò Niobrara ní Nebraska ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2019. Bí odò bá fà lójijì lásìkò tí yìnyín ń yọ́, ẹ kà á sí ìkìlọ̀.

Ìyá Ìbejì

Mo fara mọ́ ohun tí Aṣọ́dò sọ, mo sì fẹ́ fi ohun tí ojú àti etí lè fi mọ̀ ọ́n kún un. Ẹ kọ́kọ́ wo òru. Bí ọ̀sán bá móoru tí òru sì tún dì, yíyọ́ náà máa ń falẹ̀, oòrùn a máa sọ yìnyín di ẹlẹgẹ́ kó tó fọ́, odò sì lè rí ọ̀nà gbé e lọ wọ́ọ́rọ́wọ́. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù ni kí òru méjì tàbí mẹ́ta tẹ̀ léra wọn láìdì, kí òjò sì máa rọ̀ sórí òjò dídì. Ilẹ̀ tó ti dì kò lè mu omi, nítorí náà òjò náà àti omi òjò dídì tó yọ́ yóò jọ sáré wọ odò nígbà tí yìnyín odò ṣì le koko. Yìnyín tó le tí omi fi ipá fọ́ ló máa ń dí jù. Ohun tí ẹ sọ pé wọ́n ń retí lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ gan-an nìyẹn, ìdí sì nìyẹn tí mo fi ń bẹ̀ yín pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í múra láti òní.

Lórí odò fúnra rẹ̀, àmì àkọ́kọ́ ni pé omi yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàn lórí yìnyín tàbí lẹ́gbẹ̀ẹ́ bèbè. Lẹ́yìn náà ni yìnyín yóò ya kúrò lára bèbè, yóò sì gbéra sókè pẹ̀lú omi, yóò máa sán, ìró rẹ̀ a sì máa dún bí ìbọn. Lẹ́yìn èyí ni ẹ óò rí i tí yóò bẹ̀rẹ̀ sí í lọ. Bí yìnyín tó ń lọ bá dúró lójijì, tí ariwo rẹ̀ sì dákẹ́, ó ṣeé ṣe kó ti dí ní ìsàlẹ̀. Àkókò láti lọ kó àwọn ènìyàn yín nìyẹn, kì í ṣe àkókò láti ya fídíò. Ẹ má ṣe dúró lórí afárá láti wò ó, ẹ má sì jẹ́ kí ọmọdé kankan tẹ yìnyín odò, bó ti wù kó nípọn tó lójú. Omi tó ń ṣàn lábẹ́ rẹ̀ a máa jẹ ẹ́ láti ìsàlẹ̀, ibi tó nípọn sì lè má ju ìṣísẹ̀ kan lọ sí ibi tó ti di fẹ́lẹ́.

Ará Etídò

Ẹ ṣeun púpọ̀, Ìyá Ìbejì. Ẹ ṣeun, Aṣọ́dò. Mo ti ń wo òṣùwọ̀n odò wa lórí fóònù, níbi tí wọ́n ń kọ bí omi ṣe ga tó sí. Ṣé mo lè gbẹ́kẹ̀ lé e láti mọ ìgbà tí a óò kúrò nílé?

Aṣọ́dò

Ẹ máa wò ó, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe fi òun nìkan ṣe aṣọ́nà. Bí omi ṣe ga tó ni òṣùwọ̀n ń rí. Inú gíga yẹn ni wọ́n ti ń ṣírò iye omi tó ń kọjá. Bí yìnyín bá wà nínú odò, ìṣirò náà kò bára mu mọ́, nítorí pé omi lè ga nígbà tí èyí tó ń kọjá kò pọ̀. Ìdí nìyẹn tí USGS, àjọ tó ń tọ́jú ọ̀pọ̀lọpọ̀ òṣùwọ̀n odò ní Amẹ́ríkà, fi máa ń fi àmì yìnyín sí ibi tó yẹ kí iye omi wà ní ìgbà òtútù. Ẹ tún rántí pé ọ̀pọ̀ òṣùwọ̀n ló ń wọn omi ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ṣùgbọ́n ó lè tó wákàtí kan kí ohun tí wọ́n wọ̀n tó dé orí fóònù yín. Ní ọjọ́ òjò, wákàtí kan kò ṣe nǹkan kan. Ní ọjọ́ tí yìnyín bá dí, wákàtí kan yẹn lè jẹ́ gbogbo àkókò tí ẹ ní.

Ohun tí òṣùwọ̀n wúlò fún jù ni kó jẹ́ kí ẹ mọ̀ bóyá yìnyín ti sún mọ́ àtifọ́. Àwọn tó ń kíyè sí odò máa ń sọ pé bí omi bá fi ìlọ́po kan àbọ̀ sí ìlọ́po mẹ́ta ìnípọn yìnyín ga ju ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lọ, ó ṣeé ṣe kí yìnyín náà fọ́. Bí yìnyín bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 30, kí omi fi bíi sẹ̀ǹtímítà 45 sí 90 ga sí i ti tó láti fọ́ ọ. Kì í ṣe òfin tí kì í yẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń fún yín ní ibi tí ẹ lè fi ojú sí. Ẹ wo òṣùwọ̀n tó wà lókè odò pẹ̀lú èyí tó wà ní ìsàlẹ̀. Bí ti òkè bá ń ga sókè kíákíá tí ti ìsàlẹ̀ sì ń fà, àárín àwọn méjèèjì ni ìdí ọ̀rọ̀ wà.

Ẹ tún wo ibi tí odò yín ń ṣàn lọ. Odò Red River ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, Mackenzie ní Kánádà, àti Lena ní Rọ́ṣíà, ìhà àríwá ni gbogbo wọn ń ṣàn lọ. Apá òkè wọn tó wà ní gúúsù máa ń yọ́ ṣáájú, omi àti yìnyín tó fọ́ yóò wá lọ bá yìnyín tó ṣì le ní ìsàlẹ̀. Bí odò yín bá ń lọ sí ibi tó tutù ju ọ̀dọ̀ yín lọ, ewu rẹ̀ ju ti ẹlòmíràn lọ.

Nípa gíga tí wọ́n bá sọ tẹ́lẹ̀ pé omi yóò dé, ẹ fi àyè sílẹ̀ lórí rẹ̀. Ní ọdún 1997, ẹsẹ̀ bàtà 49 ni wọ́n ti ń sọ fún àwọn ará Grand Forks ní North Dakota pé Red River yóò ga dé, ó sì ga ju ẹsẹ̀ bàtà 54 lọ. Omi òjò dídì tó yọ́ ló pọ̀ jù nínú ìyẹn. Bí ti omi lásán bá lè yàtọ̀ tó báyẹn, kò sẹ́ni tó lè sọ fún yín ní pàtó bí omi yóò ṣe ga tó lẹ́yìn òkìtì yìnyín, nítorí pé ibi tí òkìtì náà yóò dúró sí àti bí yóò ṣe nípọn tó kò ṣeé mọ̀ ṣáájú.

Awakọ̀ Òru

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ohun kan ló ń rú mi lójú. Nígbà tí gbogbo ènìyàn ti mọ ibi tí yìnyín máa ń dúró sí, kí ló dé tí ìjọba kò fi àdó olóró fọ́ ọ kó tó di wàhálà?

Òṣìṣẹ́ Ìlú

Ẹ̀ka tó ń tọ́jú ọ̀nà àti afárá ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ìbéèrè yìí sì ni àwọn ará ìlú máa ń bi wá jù. Wọ́n ti ṣe é rí. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2001, ọkọ̀ òfuurufú ológun ju àdó olóró sórí yìnyín tó di odò Lena ní Rọ́ṣíà, síbẹ̀ omi bo ọ̀pọ̀ jù lọ ìlú Lensk. Ìdí ni pé yìnyín tí a fọ́ gbọ́dọ̀ ríbi lọ. Bí ìsàlẹ̀ odò kò bá tíì ṣí, àdó kàn ń ṣí wàhálà náà nípò lọ bá ẹlòmíràn ni, ó sì lè ba afárá, páìpù omi àti ilé tó wà létí odò jẹ́. Bí òkìtì náà bá sì já lójijì, àwọn tó wà ní ìsàlẹ̀ ló máa rí i.

Ohun tó ń ṣiṣẹ́ jù ni èyí tí a bá ṣe ṣáájú. Wọ́n máa ń da iyanrìn dúdú tàbí eérú sórí yìnyín ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú kí oòrùn lè yọ́ ọ kíákíá, àwọn ibòmíràn sì máa ń gé yìnyín níbi tó máa ń dí. Ní àríwá ìlú Winnipeg ní Kánádà, ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní Amphibex ni wọ́n fi máa ń fọ́ yìnyín Red River nígbà tí òtútù bá ń parí lọ. Bí yìnyín bá ti dí tán, katakata tó gùn lápá la máa ń gbé sí etí odò láti máa fà á kúrò, láti ìsàlẹ̀ òkìtì náà lọ sí òkè, ìyẹn náà sì jẹ́ bí ibẹ̀ bá ṣeé dúró sí. Gbogbo èyí jẹ́ iṣẹ́ tó ń fẹ́ àṣẹ àti ẹ̀rọ. Mo fi tọwọ́tọwọ́ bẹ ẹnikẹ́ni tó ń gbèrò láti gbé àáké tàbí ayùn lọ sórí odò pé kó má ṣe bẹ́ẹ̀. Ìrànlọ́wọ́ tó tóbi jù tí ará ìlú lè ṣe ni kó tètè pe ìjọba ìlú nígbà tó bá rí i pé yìnyín ti dúró, kó sọ ibi tó wà gan-an, kó sì sọ bóyá omi ń ga. Ìpè irú ẹni bẹ́ẹ̀ sábà máa ń ṣáájú ohun tí òṣùwọ̀n yóò sọ fún wa.

Nípa àpò iyanrìn, ó lè dá omi tí kò jìn dúró lẹ́nu ọ̀nà, ṣùgbọ́n kò lè dá yìnyín dúró. Ní abúlé Eagle ní Alaska ní oṣù Karùn-ún ọdún 2009, yìnyín odò Yukon wọ́ gba àárín ilé kọjá, ó sì ti àwọn ilé kúrò lórí ìpìlẹ̀ wọn. Bí ilé yín bá wà níbi tí yìnyín lè dé, ẹ má ṣe fi agbára yín ṣòfò lórí àpò iyanrìn. Ẹ fi kó ẹrù.

Atúnlé-ṣe

Iṣẹ́ ilé ni tèmi, nítorí náà ibẹ̀ ni n óò dúró sí. Kí ojú ọjọ́ tó móoru, ẹ wa òjò dídì kúrò lára ògiri ilé títí dé bíi mítà kan àbọ̀ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí omi rẹ̀ má baà sun wọ yàrá abẹ́ ilẹ̀. Ẹ wá ẹnu gọ́tà ọ̀nà tó wà nítòsí yín lábẹ́ òjò dídì náà, kí ẹ là á. Ẹ wò ó bóyá páìpù tó ń gbé omi òrùlé sọ̀kalẹ̀ ń dà á jìnnà sí ilé, nítorí pé mo ti rí ilé tí odò kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ rárá, àmọ́ tí omi òrùlé ara rẹ̀ ló kún yàrá ìsàlẹ̀ rẹ̀.

Bí ẹ bá ní pọ́ǹpù tó ń fa omi yàrá abẹ́ ilẹ̀, ẹ da omi sí ihò rẹ̀ lónìí kí ẹ rí i pé ó ń ṣiṣẹ́, kí ẹ sì rí i pé ẹnu páìpù tó ń tú omi síta kò dì. Iná mànàmáná sábà máa ń lọ ní irú òru bẹ́ẹ̀, nítorí náà pọ́ǹpù tí kò ní bátìrì kò ṣeé fọkàn tán. Omi ẹ̀gbin náà lè gba ojú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ padà wọlé bí odò bá kún. Fáàfù tí kì í jẹ́ kí omi padà ni a fi ń dá a dúró, òṣìṣẹ́ tó mọ̀ nípa páìpù ló sì yẹ kó fi í sí i kí ìgbà òtútù tó bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbójú fò ni táńkì epo tí a fi ń mú ilé móoru. Táńkì tí epo inú rẹ̀ kò pọ̀ máa ń léfòó bí omi bá wọ yàrá, yóò já páìpù rẹ̀, epo yóò sì dà pọ̀ mọ́ omi. Ilé tí epo bá ti wọ ara ògiri rẹ̀ ṣòro láti gbé padà ju èyí tí omi nìkan wọ̀ lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n dè é mọ́lẹ̀ gírígírí, kí ẹ sì mọ ibi tí a ti ń tì í pa. Ẹ gbé ìwé pàtàkì, oògùn àti ohun èlò iná kúrò ní yàrá ìsàlẹ̀. Ẹ pa iná ibẹ̀ kí omi tó dé e. Bí omi bá ti dé ibi tí ihò iná wà lára ògiri, tàbí bó bá jẹ́ pé ẹ ní láti dúró nínú omi kí ẹ tó lè pa á, ẹ má wọ ibẹ̀. Ilé iṣẹ́ iná ni kí ẹ pè.

Nígbà tí omi bá lọ tán, ẹ má ṣe kánjú fa gbogbo èyí tó wà nínú yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní ọjọ́ kan. Ilẹ̀ ìta ṣì kún fún omi, ó sì ń ti ògiri láti ẹ̀yìn. Omi inú yàrá ló ń bá ògiri tì í padà. Bí ẹ bá fà á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ògiri lè wó wọlé. Ìmọ̀ràn tí wọ́n sábà ń fúnni ni pé kí a fa nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́ta, kí a fi àmì sí ibi tó kù, kí a wò ó di ọjọ́ kejì bóyá ó tún ga, kí a tó tẹ̀síwájú. Ẹ ya àwòrán gbogbo ohun tó bàjẹ́ kí ẹ tó kó o dànù.

Nọ́ọ̀sì Alẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara ènìyàn, nítorí pé omi yìí kì í ṣe omi tí a lè fẹsẹ̀ wọ́ kọjá. Tí ènìyàn bá ṣubú sínú omi tó tutù bíi ti yìnyín, nǹkan bí ìṣẹ́jú kan àkọ́kọ́ ni yóò fi máa mí hẹlẹhẹlẹ láìlè dá a dúró. Kó gbé ojú sókè omi, kó má sì jẹ́ kí ẹ̀rù mú òun ni iṣẹ́ rẹ̀ nígbà náà. Lẹ́yìn rẹ̀, ó ní bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ yóò fi lè ṣe ohun tó wúlò, kí wọ́n tó kú tipiri. Ó lè tó wákàtí kan kí ara tó tutù débi tí yóò dákú, nítorí náà ẹni tó bá ń rí ènìyàn nínú omi kò gbọdọ̀ sọ̀rètí nù, kò sì gbọdọ̀ fò sínú rẹ̀ tẹ̀lé e. Ju okùn tàbí igi gígùn sí i, kí o sì pe panápaná.

Bí wọ́n bá ti yọ ọ́ jáde, ẹ bọ́ aṣọ tútù kúrò lára rẹ̀, ẹ gbẹ ẹ́, ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé e, kí ẹ sì kọ́kọ́ mú àyà àti ọrùn rẹ̀ móoru. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ra á, ẹ má fún un ní ọtí. Bí kò bá gbọ̀n mọ́, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ sì ń lọ́, ilé ìwòsàn ni o, láìfi àkókò ṣòfò.

Ohun mìíràn tó ń pa ènìyàn lásìkò omíyalé ìgbà òtútù ni jẹnẹrétọ̀. Òtútù á mú kí wọ́n gbé e sínú gáréèjì tàbí sẹ́nu ọ̀nà. Káábọ̀n mónọ́ksáìdì inú èéfín rẹ̀ kò ní òórùn, kò sì ní àwọ̀. Ìta gbangba ni ibi tí a ń gbé e sí, ó kéré tán mítà mẹ́fà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, kí ẹ̀rọ tó ń kìlọ̀ nípa èéfín náà sì wà nínú ilé pẹ̀lú bátìrì tó dára.

Awakọ̀ Òru

Ti ọ̀nà ni tèmi, kò sì gùn. Omi tó ń ṣàn tí kò ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ lè gbé àgbàlagbà ṣubú, sẹ̀ǹtímítà 30 lè gbé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké, 60 sì lè wọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ ọkọ̀ lọ, títí kan àwọn ńlá tí àwọn ènìyàn gbójú lé. Yìnyín tó wà nínú omi tún mú un burú sí i, ẹ kò sì lè rí i lóru bóyá ọ̀nà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá bá omi lójú ọ̀nà, ẹ yí padà. Ẹ mọ ọ̀nà méjì tí kò gba orí afárá kan náà kí ọjọ́ náà tó dé, kí epo ọkọ̀ yín kún, kí ẹ sì gbé ọkọ̀ sí ibi gíga láti ìrọ̀lẹ́.

Aṣojú Ìdójútòfò

Ìdójútòfò ilé lásán kì í sábà san owó omíyalé. Ní Amẹ́ríkà, èyí tí ìjọba àpapọ̀ ń ṣe fún omíyalé sábà máa ń gba ọgbọ̀n ọjọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, nítorí náà èyí tí ẹ bá rà lónìí kò ní bá ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀. Ní Kánádà, a máa ń fi ti omi odò kún ìdójútòfò ilé lọ́tọ̀ ni. Ẹ ka ohun tí ìwé yín sọ nípa yàrá abẹ́ ilẹ̀, torí pé ohun tí wọ́n ń san lórí rẹ̀ kì í tó ti òkè ilé. Kódà bí kò bá bá ti ọdún yìí mọ́, ẹ béèrè rẹ̀ fún ọdún tó ń bọ̀.

Ìyá Ìbejì

Ará Etídò béèrè ìgbà tó yẹ kó kó àwọn ọmọ jáde, a kò sì tíì dá a lóhùn tán. Ẹ fi ìpinnu náà lé orí àmì, kì í ṣe orí bí ọkàn yín bá ṣe rí lóru. Ní Amẹ́ríkà, bí fóònù bá gbé Flood Watch jáde, ohun tó ń sọ ni pé ó lè ṣẹlẹ̀. Flood Warning ń sọ pé ó ń ṣẹlẹ̀ tàbí ó ti dé tán. Fún ilé tó wà lókè kọ́rọ́ odò àti afárá, ti àkọ́kọ́ ni kí ẹ fi di ẹrù, kí àwọn ọmọ, àwọn àgbàlagbà àti ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò yá sì lọ sùn síbi gíga. Ẹ kò nílò àṣẹ ẹnikẹ́ni láti sùn sí ilé ọ̀rẹ́ fún òru méjì. Nígbà tí yìnyín gígùn tó bíi kìlómítà 25 dí ní Fort McMurray ní Kánádà ní oṣù Kẹrin ọdún 2020, ènìyàn bí 13,000 ló ní láti kúrò nílé. Ẹni tó bá ti lọ ṣáájú kò ní bá irú èrò bẹ́ẹ̀ du ọ̀nà.

Oògùn ọ̀sẹ̀ kan, aṣọ òtútù tó gbẹ, ìwé ìdánimọ̀, omi mímu, ṣájà, tọ́ọ̀ṣì àti rédíò alábátìrì ni kí ó wà nínú àpò náà. Ẹ sọ fún ẹnì kan tó wà lókè odò pé kó pè yín nígbàkígbà tí yìnyín ọ̀dọ̀ rẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í lọ, kódà ní òru. Mo ka ìpè bẹ́ẹ̀ sí ju ohunkóhun tó wà lórí fóònù mi lọ.

Ará Etídò

Ọlọ́run á san yín lẹ́san o. Mo ti bá ẹnì kan ní òkè odò sọ̀rọ̀, èmi àti aládùúgbò mi sì ti wa òjò dídì kúrò lẹ́nu gọ́tà. Àwọn ọmọ yóò lọ sùn lọ́dọ̀ àbúrò mi lórí òkè láti alẹ́ tí òjò bá bẹ̀rẹ̀. Ohun kan ló kù: wọ́n ní òtútù yóò tún padà lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Bí yìnyín bá dí tí òtútù sì padà, ṣé ewu ti parí nìyẹn?

Aṣọ́dò

Kò parí rárá. Bí òtútù bá padà nígbà tí òkìtì yìnyín ṣì wà nínú odò, yóò dì mọ́ ibẹ̀, yóò sì le ju yìnyín àkọ́kọ́ lọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Badger ní Newfoundland ní Kánádà ní oṣù Kejì ọdún 2003 nìyẹn: yìnyín odò Exploits mú kí omi ya wọ ìlú, òtútù líle sì mú kí omi náà dì yí ilé àti ọkọ̀ ká, tí àwọn ènìyàn kò fi lè tètè padà sílé wọn. Odò tí òkìtì bá dì sí nínú kò ní àyè tó fún omi mọ́, nítorí náà òjò tó kéré sí ti àkọ́kọ́ lè mú un gun bèbè nígbà tí ojú ọjọ́ bá tún móoru.

Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ lè kó àwọn ọmọ padà wálé nígbà tí omi bá ti fà tí ìjọba ìlú sì ti ní kí ẹ padà, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe tú àpò yín. Ẹ sọ ibi tí òkìtì náà wà fún ìjọba ìlú kí wọ́n lè máa ṣọ́ ọ. Ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ gun yìnyín ńláńlá tí omi bá gbé sílẹ̀ sí àgbàlá, nítorí pé wọ́n wúwo, wọ́n sì lè yí lu ènìyàn bí wọ́n ṣe ń yọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá tún sọ pé òru kò ní dì, ẹ tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀: àwọn ọmọ sórí òkè, ọkọ̀ síbi gíga, ìpè sí ẹni tó wà lókè odò. Ẹ máa ṣe bẹ́ẹ̀ títí odò yóò fi ṣí láti ọ̀dọ̀ yín kọjá afárá náà, tí ẹ óò sì máa rí omi tó ń lọ láìsí yìnyín nínú rẹ̀.